Ẹ̀kọ́: Bí Ọmọ Bá Ṣàìsàn, Kí A Béèrè Ilé Rẹ̀

Ní ọdún 2010, àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Wọ́n ń bì, gìrì sì ń mú wọn. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, òjé ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ará ilé ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé, eruku rẹ̀ sì kún fún òjé. Ó ju 400 ọmọ tí ó kú.

Kí ni èyí kọ́ wa? Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́ láti béèrè ohun mẹ́rin:
1. Níbo ni ọmọ ń gbé, níbo ni ó sì ti ń ṣeré?
2. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nínú ilé?
3. Omi wo ni ó ń mu?
4. Kí ni wọ́n fi ń dáná?

Ara ọmọdé lè fa òjé tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Oògùn nìkan kò sì tó. Ní Zamfara, wọ́n ní láti kó erùpẹ̀ olóró kúrò nínú agboolé, kí ọmọ tí a tọ́jú má baà padà sínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin alágbàtọ́ ọmọ òrukàn, bí nọ́ọ̀sì kò bá béèrè, ẹ sọ fún un.