Ẹ Má Fi Ẹnu Ẹlẹ́nu Mọ Adùn Ọtí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Ayétẹ̀, ọmọ Ìbàràpá Méje lápapọ̀, ọ̀rọ̀ ọtí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kò ní kí ẹni tí kì í mutí bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Mùsùlùmí tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀ ọ́, Kìrìsìtẹ́nì tó ti bá Ọlọ́run rẹ̀ dá májẹ̀mú, ọmọ Ọbàtálá tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún, ẹ dúró lórí ìpinnu yín, kò sí ohun tí ẹ pàdánù. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún ni mo ń bá wí.

Bí a bá ń ṣe ìyàwó tàbí òkú àgbà nílùú yìí, kéréètì bíà ló máa ń wà níwájú àlejò. Ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo wa, bí ó bá tilẹ̀ wà, ẹ̀yìnkùlé ni ẹ ó ti bá a lọ́dọ̀ àwọn arúgbó. Ọ̀dọ́ tó bá wọlé á wo ìgò tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, irú rẹ̀ lòun náà á sì béèrè. Bí wọ́n bá bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún un, á ti yọ ṣùtì sí i kí ó tó kan ètè rẹ̀. Èyí ń dùn mí. Ẹni tó tọ́ nǹkan wò tí kò bá a lára mu kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ̀ ọ́ láìtọ́ ọ wò, ẹnu ẹlẹ́nu ló fi ń mu.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín kò ju ọ̀kan lọ: ẹ fi ahọ́n ara yín mọ ohun tó dùn, kí ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ ní gbangba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tó wà nínú nǹkan kì í mọyì rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àgbàdo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìyá ọlọ́tí á ṣa á, á yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, nítorí òkú ọkà kì í hù. Á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ méjì, á da omi rẹ̀ nù, á tẹ́ ẹ sórí ewé, á tún fi ewé bò ó. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń wọ́n omi sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́ á ti yọ lára rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n wà. Bí ọkà ṣe ń hù, ohun kan ń jí nínú rẹ̀ tó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà. Bí kò bá hù tó, ọtí kò ní dùn, kò sì ní lágbára. Bí ó bá hù jù, èéhù á ti jẹ adùn náà tán. Ìyá kì í wo aago. Á mú ẹyọ kan, á fi eyín gé e, á fi ahọ́n yí i wò. Bí ó bá ti ń dùn lẹ́nu, ó tó nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ omi, á gbé e ka iná. Wákàtí púpọ̀ ló fi ń hó lórí iná, kò sì gbọdọ̀ jó nísàlẹ̀. Á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó tutù, á wá dà á sínú ìkòkò tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ìṣáájú ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwúkàrà inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń jẹ ṣúgà náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Tó bá di ọjọ́ kejì, bí ẹ bá sún etí mọ́ ẹnu ìkòkò, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń hó ṣìì, ìfófòó á sì ti bo ojú rẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí igbá kan ṣoṣo tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà pọn ọtí ọkà bàbà, èyí tí àwọn kan ń pè ní pitó.

Ẹmu ṣì rí ẹni gbé e lárugẹ. Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, sọ ẹni tó ń mu ẹmu di olú ẹ̀dá ìtàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà sì ní ẹgbẹ́ Kegite tí wọ́n fi ń yẹ́ ẹ sí. Ta ni agbẹnusọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́?

Ẹ má rò pé idán mìíràn ni ilé iṣẹ́ bíà ń pa. Ọdún 1946 ni wọ́n dá Nigerian Breweries sílẹ̀, oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó. Báálì tó ti hù, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, ni wọ́n fi ń pọn bíà nígbà náà. Nígbà tó di 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó o wọlé. Kí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà sá lọ bá? Ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tí ìyá àgbà ti ń sá sí àgbàlá kí wọ́n tó bí àwọn ọ̀gá wọn. Òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà ilẹ̀ wa. Bí ó bá dára nínú ìgò, ó dára nínú igbá.

Ẹ tún wo bíà Trophy. Láti 1978 ni wọ́n ti ń pọn ọ́n ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi jẹ́ pé ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò dúró de kí Èkó fọwọ́ sí i. Wọ́n ń mu ún lọ ni, títí orúkọ rẹ̀ fi kárí.

Àwọn ará ibòmíràn kò fi tiwọn ṣeré. Ní àríwá Benin, ní Parakou àti Natitingou, àwọn obìnrin ló ń pọn tchoukoutou láti inú ọkà bàbà, igbá ni wọ́n fi ń mu ún, tàgbà tọ̀dọ́ ló sì ń jókòó yí ọlọ́tí ká lọ́jọ́ ọjà. Ní àríwá Ghana, pitó ni. Ní Burkina Faso, dolo ni. Àwọn òyìnbó pàápàá ti ja irú ìjà yìí. Ní 1971, ọkùnrin mẹ́rin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ pa ọtí ìbílẹ̀ wọn rẹ́. Àwọn mẹ́rin péré! Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọtí ọ̀hún kò sì parun. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba aráàlú láyè láti máa pọn bíà nílé ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn apọntí inú ilé yẹn ló padà di oníléeṣẹ́ kéékèèké tí ayé ń yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mu, ẹ lọ bá ìyá ọlọ́tí fúnra yín. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ẹ tó bi í pé ọjọ́ wo ni ọtí wọ ìkòkò. Lọ́jọ́ kìíní, adùn ló ń ṣíwájú, kò tíì lágbára. Lọ́jọ́ kejì, adùn àti kíkan ti dọ́gba, èyí ló wù mí jù. Lọ́jọ́ kẹta, kíkan ti gba iwájú, àwọn àgbà kan sì wà tí bẹ́ẹ̀ gan-an ló wù wọ́n. Ìyá á kọ́kọ́ bu díẹ̀ mu lójú yín, àṣà wa ni. Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́nu díẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Ó lè ṣàjèjì sí ẹnu tí bíà inú yìnyín ti mọ́ lára. Ẹ má torí rẹ̀ dájọ́, ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Mo ní kí ẹ mọ ẹni tó ń pọn ọtí yín, ìdí sì wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ògógóró tó ní májèlé mẹ́táánọ́ọ̀lù nínú pa ènìyàn púpọ̀. Ògógóró kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan gbogbo ọ̀mutí: bí o kò bá mọ ọwọ́ tó ṣe é, má gbé e sẹ́nu. Ẹ má sì mu àmuyíràá. Igbá kan tó, méjì ti pọ̀. Ẹni tó ti yó kò mọ adùn mọ́, ohunkóhun lẹ lè bu fún un. Ẹni tó fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbò-Ọrà tàbí Ìgangan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Aláboyún àti ọmọdé náà kò gbọdọ̀ mu ún.

Ẹ má sì tìtorí pé ẹ ti mọ ohun rere kan kí ẹ máa fi àwọn tó ń mu Star ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá tàbùkù ẹlòmíràn nítorí ohun tó ń mu ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń yọ ṣùtì. Ẹ bu tiyín fún un, kí ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò, kí ahọ́n rẹ̀ dá a lóhùn.

Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ san iye tó tọ́ fún ìyá ọlọ́tí, ẹ má ná an ní ìnákúnàá nítorí pé kò lẹ bébà mọ́ ọtí rẹ̀ lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pólì Èrúwà, ìṣòro tó ń dá ọtí yìí dúró sílé ni pé kì í pẹ́ kó tó kan. Ẹni tó bá rí ọgbọ́n dá sí i láìba adùn rẹ̀ jẹ́ yóò là, ìyá tó kọ́ ọ náà yóò sì là. Àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ náà dénú ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò sì kọ́ ọ. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n báyìí. Ọtí tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n pọn mọ́, owó kò lè rà á padà.