Afẹ́fẹ́ Inú Ṣàkì

Bí ènìyàn bá rí màlúù tí ó dùbúlẹ̀ sí abẹ́ igi ní ọ̀sán gangan, yóò ṣàkíyèsí pé ẹnu rẹ̀ kò sinmi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí koríko kan níwájú rẹ̀. Àpọ̀jẹ ni ó ń jẹ. Koríko tí ó sáré gbé mì ní òwúrọ̀ ni ó ń pọ̀ padà sí ẹnu, tí ó sì ń rún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àgùntàn àti ewúrẹ́ ń ṣe. Ikùn wọn pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tí ó tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń di ṣàkì lọ́wọ́ alápatà.

Ẹni tí ó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi láti fi ṣe fùfú mọ̀ pé nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹta, omi náà yóò ti máa yọ ìfófòó. Bákan náà ni ó rí nínú ṣàkì. Màlúù fúnra rẹ̀ kò lè sọ koríko di oúnjẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ṣàkì ni wọ́n ń bá a ṣe é. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yìí, háídrójìn ń jáde. Àwọn kòkòrò mìíràn a sì gbà á, wọn a pò ó mọ́ afẹ́fẹ́ kábọ́nì, wọn a sọ ọ́ di mẹ́téènì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú gáàsì tí iná rẹ̀ ń jó níbi kànga epo ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Màlúù kò ní ohun tí ó lè fi mẹ́téènì ṣe, ó ní láti gùnfẹ̀ kí ó lè jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ìdí ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà jáde, ṣùgbọ́n ẹnu ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ ń gbà.

Mẹ́téènì kì í pẹ́ lójú ọ̀run. Nǹkan bí ọdún 12 ni ó ń lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ogún ọdún péré, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 80 agbára afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó bá rí i tí ó dín kù lónìí yóò rí èrè rẹ̀ kí ó tó darúgbó. Àgbẹ̀ pàápàá ń pàdánù, nítorí oúnjẹ tí ì bá di wàrà tàbí ẹran ni ó ń bá ìgùnfẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Niu Sílándì, ní gúúsù òkun Pàsífíìkì, ọ̀rọ̀ yìí di ìjà. Ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 5, ṣùgbọ́n àgùntàn wọn lé ní mílíọ̀nù 20, màlúù wọn sì súnmọ́ mílíọ̀nù 10. Wàrà àti ẹran wà lára ohun tí wọ́n ń tà jù sí òkè òkun, oko sì ni nǹkan bí ìdajì gbogbo afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná níbẹ̀ ti ń wá. Ní ọdún 2003, ìjọba dá a lábàá pé kí àwọn àgbẹ̀ máa san owó díẹ̀ lórí ẹran wọn, kí a lè fi ṣe ìwádìí. Àwọn ènìyàn sọ owó náà ní owó-orí ìsó. Orúkọ yìí kò tọ́, ṣùgbọ́n ó pa àbá náà, nítorí ta ni yóò fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀? Shane Ardern, aṣòfin tí í ṣe àgbẹ̀, wa katakata gun àtẹ̀gùn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Wellington, ìjọba sì jáwọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba Jacinda Ardern tún gbé irú ọ̀rọ̀ náà dìde. Katakata tún kún ojú títì. Ní ọdún 2024, ìjọba mìíràn yọ àwọn àgbẹ̀ kúrò nínú ètò owó náà.

Ẹ̀sùn àwọn àgbẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọjà àgbáyé ni ó ń dá iye lé ẹran wọn. Wọn kò lè fi owó-orí lé e. Oògùn náà kò sì rọrùn fún wọn. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis tẹ ìwádìí jáde pé ewé òkun pupa kan, Asparagopsis, tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ màlúù, dín mẹ́téènì wọn kù ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n màlúù tí a ń gbé oúnjẹ fún ni èyí. Màlúù Niu Sílándì ń jẹko ní pápá láti ọdún dé ọdún. Ta ni yóò máa fi ewé òkun sí wọn lẹ́nu lójoojúmọ́?

Ọ̀nà tí ó bá ilẹ̀ wọn mu jù ni ti ìran ẹran. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń ti àgùntàn mọ́ inú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè jò fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, wọn a sì wọn ohun tí ó mí jáde. Wọ́n rí i pé nínú agbo kan náà, lórí koríko kan náà, àwọn kan ń gùnfẹ̀ mẹ́téènì kéré sí èkejì wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ṣàkì wọn kéré, tí oúnjẹ kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ìwà yìí sì ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ. Wọ́n ń mú àgbò tí mẹ́téènì rẹ̀ kéré gun abo tí tirẹ̀ kéré. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti ìran tí tirẹ̀ pọ̀ ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Iṣẹ́ náà ń falẹ̀, ẹni tí ń kánjú kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá ra irú àgbò bẹ́ẹ̀ kò ní oògùn kan láti pò. Àwọn ọmọ tí àgbò náà bá bí yóò gbé ìwà náà lọ sí pápá fúnra wọn.