Kí A Tó Kọ́ Ilé Ìdáná Mọ́ Ilé Lẹ́yìn Omíyalé

Ẹ̀yin ará wa ní Agboyi, láti ìgbà tí omi ti fà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló fẹ́ kọ́ ilé ìdáná mọ́ ẹ̀yìn ilé wọn. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó wò ó pa pọ̀, nítorí owó tí omi bá gbé lọ kì í padà.

Ibo ni omi ti ń wá? Odò Ògùn ló ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sínú ọ̀sà. Bí dáàmù Ọ̀yán bá kún, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀, a lè bá omi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Irú omi yìí ló lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kúrò nílé ní oṣù kẹwàá ọdún 2010.

Nítorí náà:

1. Ẹ wá ibi tí omi ga dé lára ògiri, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sí i. Ilẹ̀ ilé ìdáná tuntun gbọ́dọ̀ ga ju ìlà náà lọ. Bí apá yín kò bá ká a, ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí pẹpẹ oúnjẹ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ga jù ú lọ.

2. Ẹ má dí ọ̀nà omi. Bí ẹ bá kọ́lé sí àlàfo tó wà láàárín yín àti aládùúgbò, yàrá rẹ̀ ni omi yóò gbà, tàbí kó padà sí tiyín. Ilé ìdáná kékeré sàn ju ńlá tó dá ìjà sílẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí ògiri tí omi mu gbẹ dáadáa, kí onímọ̀ ilé kíkọ́ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ògiri tó ti sán kò lè gbé òrùlé tuntun.

4. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPPPA kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

5. Ẹ ṣe fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí èéfín lè rọ́nà jáde. Ìta ni kí sílíńdà gáàsì wà, níbi gíga, kí ẹ dè é mọ́ ògiri kí omi má baà gbé e.

Owó ńkọ́? Ẹ má yá owó sogúndógójì. Ilẹ̀ àti òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Táìlì lè dúró dọdún tó ń bọ̀.

Ẹ jíròrò rẹ̀ nílé lálẹ́ òní: Ibo ni omi gbà wọlé wa? Bí a bá kọ́ ọ síbí, ta ni yóò fara gbá a?