Ọrùn Ọwọ́ Ni Kí O Dì Mú

Ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí o mú àbúrò rẹ dání lọ sílé ìwé láàárọ̀, tí ẹ dé etí títì ní Owódé l'Ọ̀yọ́ tàbí ní Tákìé l'Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí tírélà tó ń gbé ẹrù Èkó lọ sókè Ọya àti èyí tó ń kó màlúù bọ̀ ti ń kọjá lára wọn, tí ọ̀kadà sì ń yọ̀ bọ̀rọ́ láàárín wọn bí ẹja, má di ìka ọmọ náà mú. Ìka a máa yọ̀. Ọrùn ọwọ́ ni kí o dì mú.

Èmi náà ti di ìka mú rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, kò sì tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni, Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde. Ohun tí tíṣà ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀ ni pé ká wo ọ̀tún ká tó wo òsì, ó sì ti mọ́ wa lára bí ìwúre àárọ̀. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ sọdá lọ́sẹ̀ yẹn, mo wo ọ̀tún, ọ̀tún dá, mo sọ̀ kalẹ̀, àfi bí ọkọ̀ ṣe yọ lósì. Ẹ̀rù ba ọmọ, ó já ìka gbà, ó sá síwájú. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bàtà rẹ̀ kan ló kù sẹ́yìn, táyà ti tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ìyá wa sì fi kọ́ sí òkè ilẹ̀kùn títí a fi dàgbà.

Òsì ni kí o kọ́kọ́ wò báyìí, kí o wo ọ̀tún, kí o tún wo òsì, kí o sì tún fetí sílẹ̀, torí ọlọ́kadà tó ń gba ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ kò mọ òfin 1972.

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Lójú títì, òwe yẹn a máa ṣẹ gan-an, torí orí ọmọ ọdún márùn-ún kò yọ lẹ́yìn jíìpù tí wọ́n páàkì: kò rí dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà kò rí i. Ọkọ̀ tó bá sì ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bí mítà 14 ló ń lọ kí o tó pe orúkọ àbúrò rẹ tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá gbá ọmọ, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ó dáa, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ohun tó ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 lágbàáyé tó ìjàm̀bá ojú títì. Ṣé ayé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń dé gbogbo ibẹ̀ ni?

Nítorí náà, má gba iwájú tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń já èrò sílẹ̀ sọdá. Jẹ́ kó lọ ná. Bó o bá pẹ́, wí fún tíṣà pé èmi ni mo ní kí o dúró.

Bí ẹ bá sì dé òdìkejì, má tíì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń gba etí títì náà.