Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Epo: Ẹ Béèrè Ohun Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Rẹ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ojú gbogbo awakọ̀ ló wà lára géèjì epo. Bí ọkọ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìpayà á dé, ìnáwó á sì tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì á ní púlọ́ọ̀gì ni. Wọ́n á rà á. Á ní nọ́sù ló dọ̀tí. Wọ́n á fọ̀ ọ́. Á ní pọ́ǹpù epo ni. Owó á tún jáde. Ọkọ̀ ò ní yí ìwà padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tòkunbọ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ra ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ti yọ kúrò lára rẹ̀.

Tẹmositáàtì ni mo ń bá wí jù. Nǹkan kékeré ni, ó wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà láàárín ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, á dí ọ̀nà náà kí omi lè tètè gbóná. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 Celsius, á ṣí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ gáréèjì wa, bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á jù ú nù. Wọ́n á ní nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi sí i, pé oòrùn tiwa ò nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Ooru tó mú jù ní Sókótó pàápàá kò dé 50, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì ń fẹ́ nǹkan bí 90 kó tó lè jó epo rẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà rèé. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo omi á máa sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo lé epo, bí ẹni ń fi igi kún iná lábẹ́ ìkòkò tí kò ní ọmọrí. Bí ríwáyà bá tún wá so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́ ló ń yí, ohun tí kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná ti di méjì. Kì í ṣe owó epo nìkan ló ń lọ o. Epo tí kò jó tán á máa ṣàn wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì á ṣàn jù, ẹ́ńjìnì á sì máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lè mọ̀ ọ́n láìtú nǹkan kan. Bí abẹ́rẹ́ géèjì ooru bá ń wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó sì tún ń gòkè nínú gósíló, ẹ fura. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú tí wọ́n ń ki síkánà bọ̀ lábẹ́ sítíárì. Bí síkánà bá gbé kóòdù P0128 jáde, ó túmọ̀ sí pé omi kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni kàn pa kóòdù náà rẹ́, kó ní iṣẹ́ ti parí.

Kí ẹ tó dá tẹmositáàtì padà, ẹ wá ìdí tí ọkọ̀ fi gbóná nígbà yẹn. Bóyá rédíétọ̀ ti dí, bóyá omi ń jò, bóyá fáànù ò ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá tún ìyẹn ṣe, ọkọ̀ á tún gbóná, wọ́n á sì tún yọ ọ́. Kúláǹtì ni kí ẹ dà sí i, ẹ yé da omi kànga. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná; omi gbígbóná inú rẹ̀ ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú.

Kátálíìsì tó wà lójú páìpù èéfín ń kọ́? Pílátínọ́ọ̀mù àti àwọn irin olówó iyebíye mìíràn wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á fi ń yí gáréèjì ká. Wọ́n á gé e, wọ́n á jó páìpù sí ipò rẹ̀. Bí ojú ibi tí wọ́n jó bá ń jò nítòsí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo ò tó, epo á tún pọ̀ sí i. Ohunkóhun tí wọ́n bá tú lára ọkọ̀ yín, ẹ gbà á sọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kún táńkì títí ẹnu pọ́ǹpù á fi dá ara rẹ̀ dúró, ẹ kọ iye ìrìn ọkọ̀ tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Nígbà tí epo bá ń lọ tán, ẹ tún un kún ní pọ́ǹpù kan náà. Bí ẹ bá rin 400 kìlómítà, tí 40 lítà sì wọlé, 10 kìlómítà ni lítà kan gbé yín. Máìlì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé ń kà, máìlì kan sì jẹ́ 1.6 kìlómítà. Ẹ tún dán ilé epo mìíràn wò, nítorí lítà àwọn kan ò pé lítà.

Táyà náà lè mú kí ọkọ̀ máa jẹ epo. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀, kó bá iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ mu. Bí ẹ bá dé láti ìrìn, tí ìdí táyà kan gbóná ju ti yòókù lọ, ó lè jẹ́ pé bíréèkì ibẹ̀ ló ń di táyà mú.

Bí òórùn epo bá wá ń rùn nínú ọkọ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìnáwó. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí ìtòsí rẹ̀, ẹ sì pe mẹkáníìkì wá síbi tó wà. Ẹ má wà á lọ bá a.