Ẹ Mọ Bátìrì Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Ọkọ̀ Oníná

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ọkọ̀ oníná, èyí tí kì í mu bẹntiróòlù rárá, tó jẹ́ pé bátìrì ló ń gbé e rìn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023 ni àwọn kan nínú yín ti ń bèèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá àwọn lówó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ lè yá yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ fi owó rà.

A ò ní tàn yín: owó la fi kọ́ ọgbọ́n yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta aṣọ yáwó ra tòkunbọ̀ ọkọ̀ oníná. Ara ọkọ̀ náà ń dán, ìjókòó rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tó tà á fún un sọ pé bí bátìrì bá ti kún, yóò rin kìlómítà 120. Àwa ìgbìmọ̀ wo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, a rí onídùúró mẹ́ta, a fọwọ́ sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bèèrè ọ̀rọ̀ bátìrì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sí Ìdúmọ̀tà, Mile 2 ló kú sí nígbà tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, bátìrì yẹn kò gba ìdajì ohun tó ń gbà ní tuntun mọ́. Iye tí wọ́n ní kó fi ra òmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tó fi ra ọkọ̀. Ó ṣì ń san gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù, kò sá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sanwó lé lórí kò lè gbé e lọ sọ́jà kó sì gbé e padà wálé. Ẹ̀bi náà kan àwa náà.

Yúnìtì ni òṣùwọ̀n bátìrì

Yúnìtì tí ẹ ń rà sínú mítà ilé yín, òun náà ni wọ́n fi ń wọn bátìrì ọkọ̀. Ẹ wo bátìrì bíi kẹ́ẹ̀gì. Ta ni yóò ra kẹ́ẹ̀gì òróró láì bèèrè iye lítà tó ń gbà? Nissan Leaf àkọ́kọ́, tó jáde ní 2010, ń gba yúnìtì 24. Hyundai Kona oníná, tí ilé-iṣẹ́ Stallion gbé jáde ní Èkó ní 2020, ń gba 64.

Ọkọ̀ oníná kékeré máa ń jẹ bíi yúnìtì 16 kó tó rin kìlómítà 100. Láti Okokomaiko dé Marina, bí a bá fi ojú ọ̀nà reluwé Blue Line wọ̀n ọ́n, kìlómítà 27 ni. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 54, yóò sì jẹ bíi yúnìtì 9. Iná díẹ̀ máa ń ṣòfò nígbà tí a bá ń gbà á sínú bátìrì, nítorí náà ẹ kà á sí 10. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ ₦225, iye tí wọ́n gbé Band A sí ní oṣù kẹrin 2024, ₦2,250 nìyẹn. Mọ́tò epo tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 10 yóò mu tó lítà 5 àti àbọ̀ ní ọ̀nà kan náà. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦5,500. Èrè wà níbẹ̀, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n inú bátìrì ni èrè náà wà. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, èrè bá a lọ.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju bíi yúnìtì 2 jáde nínú lítà epo kan. Yúnìtì 10 yóò gba lítà 5, ìyẹn bí epo tí mọ́tò epo ì bá mu gan-an. Kí wá ni a jèrè?

Wákàtí mélòó ni iná ń wà?

Ojú iná lásán tí a fi ń lọ aṣọ ń gbé bíi yúnìtì 2 wọ inú ọkọ̀ ní wákàtí kan. Bátìrì yúnìtì 24 tó ti gbẹ yóò gba bíi wákàtí 12 kó tó kún. Ti yúnìtì 64 yóò ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ń gbé bíi yúnìtì 7 ní wákàtí kan, bí iná àdúgbò bá lè gbé e.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó lọ wo ọkọ̀, kó kọ́kọ́ ka wákàtí tí NẸ́PÀ ń mú iná wá ládùúgbò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà ní Band A ni wọ́n ṣe ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Bó bá jẹ́ wákàtí 4 ni tìrẹ, yúnìtì 8 ni wàá rí gbà lójú iná lásán. Kò tó lọ Marina kó tó bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lo ẹ̀sténṣọ̀n. Iná tó ń lọ fún wákàtí 12 láì sinmi kì í ṣe iná tẹlifíṣọ̀n. Wáyà tínínrín a máa gbóná, a sì máa gbiná nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa wáyà tó nípọn wá lọ́tọ̀ láti ìdí mítà, pẹ̀lú wáyà tó wọ ilẹ̀.

Ìtọ́jú bátìrì

Ẹ̀yin tí ń ta bátìrì sólà ní Àlàbá mọ̀ pé bátìrì olómi ásíìdì ń fẹ́ kó máa kún, bí a bá fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, ó ń kú. Lítíọ̀mù ni ti ọkọ̀ oníná, ìwà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Kò fẹ́ gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kó kún dẹ́nu nígbà gbogbo.

Èkínní, ẹ jẹ́ kó máa wà láàárín 20 àti 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ ìrìn jíjìn ni kó kún. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní LFP, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sábà máa ń ní kí a jẹ́ kó kún pátá lóòrèkóòrè. Ẹ bèèrè irú tí tiyín jẹ́.

Èkejì, ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wá ibòji gbé e sí. Bí ẹ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi iná sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ má sọ ibi tí wọ́n ti ń fi iná kíákíá kún un di ibi àlọlójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin, bátìrì kékeré fóòtì 12 ṣì wà nínú rẹ̀ bíi ti mọ́tò yòókù. Bó bá kú, ọkọ̀ kò ní jí bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún.

Ẹ̀karùn-ún, wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí nínú ọkọ̀ náà lè gbé iná tó ju fóòtì 300 lọ. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ojú títì fọwọ́ kàn án. Bí àgbàrá bá sì bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ má ṣe fi iná sí i, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó ná. Bó bá ń rú èéfín, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe 112 tàbí 767.

Ìpinnu ìgbìmọ̀

Láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ọkọ̀ oníná àyàfi bí a bá rí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìwé láti ọwọ́ ẹni tó fi ẹ̀rọ yẹ bátìrì wò, kó kọ iye yúnìtì tó kù síbẹ̀. Èkejì, kí ẹni tó fẹ́ rà á wà á láti Okokomaiko dé Mile 2 kó sì wà á padà, bíi kìlómítà 28, pẹ̀lú onídùúró kan nínú ọkọ̀. Kí wọ́n wo nọ́ńbà bátìrì nígbà tí wọ́n gbéra àti nígbà tí wọ́n dé. Bátìrì yúnìtì 24 tó ṣì le yẹ kó fi bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ìrìn yìí. Bó bá fi 40 lọ, ìdajì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, kí oṣù ìsanwó má ṣe gùn ju ohun tí bátìrì lè bá wa dé lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń dúró fún bátìrì tuntun fún ọdún 8 tàbí kìlómítà 160,000. Tòkunbọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ̀yin onídùúró, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Bí bátìrì bá kú, owó ìpamọ́ yín la ó yà sí gbèsè náà. Ojú kì í ti onídùúró láti bèèrè. Ẹ bèèrè kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Ọjọ́ ìpàdé, a ó gbé ìṣirò yìí sára pátákó. Ẹni tó bá ti lo ọkọ̀ oníná, tàbí tó ń ta bátìrì ní Àlàbá, kó wá bá wa fi ìmọ̀ tirẹ̀ kún un. Ẹgbẹ́ yóò máa dàgbà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́