Irun Orí Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n Oògùn

*Dókítà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọrùn (thyroid) fún ìyá mi, wọ́n sì fún wọn ní áyódìn mu. Irun wọn kò já, wọn ò bì. Wọ́n tún ní ká gbé wọn wá fún scan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé oògùn náà ṣiṣẹ́ ṣá? Àbí owó ni wọ́n ń wá? Olùkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde.*

Irun! Irun náà tún ni! Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé oògùn jẹjẹrẹ tí kò bá fi ìyà jẹ èèyàn kò ṣiṣẹ́? Kẹmó (chemotherapy) ló ń mú irun já, torí gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín ló ń bá jà, gbòǹgbò irun sì wà lára wọn. Irun tó já ń sọ fún yín pé oògùn dé orí. Kò sọ bóyá ó dé inú kókó jẹjẹrẹ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ rí kọ́lọkọ̀lọ, àárín kókó mìíràn kì í sì í rí ẹ̀jẹ̀ tó. Orí ẹlòmíì á pá, kókó rẹ̀ ò ní gbúròó oògùn. Irun ẹlòmíì á pé, kókó á máa súnkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orí wọn oògùn mọ́.

Áyódìn tí màmá mu kì í tilẹ̀ ṣe kẹmó. Oúnjẹ thyroid inú ọrùn wa ni áyódìn. Tí a bá fún un ní èyí tó ní ìtànṣán, I-131, òun àti ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tó ti ara rẹ̀ jáde á gbé e mì bí ẹja ṣe ń gbé ìjẹ. Láti 1941 tí Saul Hertz ti fún aláìsàn thyroid ní irú rẹ̀ ní Boston la ti ń lo áyódìn onítànṣán. Ìtànṣán kan nínú rẹ̀ kì í rìn ju bíi mílímítà méjì lọ. Òun ló ń pa sẹ́ẹ̀lì. Èkejì ń jáde kúrò lára, kámẹ́rà á sì gbà á sílẹ̀. Oògùn yìí ń fi ara rẹ̀ hàn níbi tó bá sá sí: ọrùn ni, ẹ̀dọ̀fóró ni, egungun ni. Bí ikùn tàbí àpò ìtọ̀ bá tàn nínú àwòrán, ẹ má pariwo, ọ̀nà tó ń gbà jáde nìyẹn. Bóyá jẹjẹrẹ ti kú tán, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó bá yá wà lára ohun tí yóò sọ. Ẹ gbé wọn lọ, ẹ má sì sún un síwájú: ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni ìtànṣán oògùn náà ń dín sí ìdajì.

Ohun tí ẹ ò kọ ló ń dùn mí. Kí ni màmá jẹ kí wọ́n tó mu ún? Iyọ̀ wa ní áyódìn, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ẹja òkun ní i. Oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan kí wọ́n tó ṣe CT ní i gan-an. Thyroid tó ti yó kò ní jẹ oúnjẹ tí a gbé wá, àwòrán á sì ṣófo. Ẹ̀yin tó kù tí ẹ fẹ́ mu ún, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, àgbo pẹ̀lú. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún. Mo tún un sọ: aboyún kò gbọdọ̀ mu ún.

Bí ọmọ-ọmọ wọn bá wà nílé ńkọ́? Ìtànṣán ṣì ń jáde lára màmá, ẹ má tíì gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀ títí ilé ìwòsàn á fi ní ó yá.